Ohun Tí Ọ̀rẹ́ Mi Fẹ́ Kà

Ìgbà tí a wọ kíláàsì àṣekágbá ní girama ni ìyá ọ̀rẹ́ mi ra fáìlì kan fún un. Fáìlì náà nípọn, ó ní àpò mẹ́wàá nínú, wọ́n sì lẹ orúkọ yunifásítì kọ̀ọ̀kan mọ́ ara àpò kọ̀ọ̀kan. Máàkì tí wọ́n ń béèrè, iṣẹ́ tí èèyàn gbọ́dọ̀ yege nínú rẹ̀, bí ilé ìgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe rí, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀, ìyá rẹ̀ ló sì fi ọwọ́ ara wọn kọ ọ́. Ọ̀rẹ́ mi gbé e wá sí ilé-ìwé lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan, ó jù ú sórí tábìlì wa bí ẹni ju ìwé ìròyìn àná sílẹ̀.

"Wo wàhálà tí mọ́mì mi ń kó bá mi," ló wí.

Mo ṣí i. Mo kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ní àkókò oúnjẹ ọ̀sán, mi ò jẹun. Mo dá a padà fún un. Mo ti mọ̀ tipẹ́ pé bàtà rẹ̀ dára ju tèmi lọ, mo mọ̀ pé wọ́n ní ẹ̀rọ amúnáwá nílé wọn, kò dùn mí rí. Èyí tó dùn mí ni pé ẹnìkan jókòó, ó mú bírò, ó sì fara balẹ̀ ronú nípa ọdún márùn-ún tó ń bọ̀ láyé ọ̀rẹ́ mi.

Ilé-ìwé ìjọba kan láàárín Yaba àti Sùúrùlérè ni a jọ ń lọ. Òun ń ti Sùúrùlérè wá. Bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ìjọba, ìyá rẹ̀ jẹ́ olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọmọ ìjọ Áńgílíkà sì ni wọ́n. Èmi ń ti Muṣin wá. Bàbá mi ń rán awọ àga, àti ti mọ́tò àti ti pálọ̀. Ìyá mi ń ta bọ́tìnì, síìpù àti òwú ìránṣọ fún àwọn télọ̀ àdúgbò. Èmi ni àkọ́bí nínú ọmọ márùn-ún. Kò sí ẹni tó ti ilé wa lọ sí yunifásítì rí, kò sí ẹ̀gbọ́n tí mo lè bi léèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ìyá mi ń ta òwú, èmi sì ń jẹ owú, bẹ́ẹ̀ ni ọdún yẹn ṣe rí nílé wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi nìkan ló mọ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo rí fáìlì náà, mo lọ bá bàbá mi ní ṣọ́ọ̀bù wọn. Wọ́n há ìṣó kéékèèké sí ẹnu, wọ́n ń na awọ bo àga.

"Bàbá, ìdánwò ìwọlé yunifásítì ti ń sún mọ́lé. Mo fẹ́ mú ilé-ìwé tí mo máa lọ."

Wọ́n tu ìṣó sí àtẹ́lẹwọ́. "Èyí tó bá sún mọ́ wa ni kó o mú, kó o lè máa tilé lọ."

"Kí wá ni kí n kà níbẹ̀?"

"Èyí tí Ọlọ́run bá fi sí ẹ lọ́kàn. Ṣé èmi ló yẹ kó o bi ni? Ìwé mẹ́fà ni mo kà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì dá ìṣó padà sẹ́nu. Mo dúró díẹ̀ bóyá wọ́n tún máa sọ nǹkan mìíràn. Wọ́n gbé òòlù, wọ́n ń kan ìṣó lọ.

Ọjọ́ kejì mo ra ìwé ìkọ̀wé olójú-ewé ọgọ́ta. Mo bẹ ọ̀rẹ́ mi kó yá mi ní fáìlì rẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà á kọ. Ó gbà mí tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, bí mo bá ti dé láti ilé-ìwé, màá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ àtẹ bọ́tìnì ìyá mi, màá máa kọ ohun tí ìyá ẹlòmíràn rò fún ọmọ ẹlòmíràn. Àwọn télọ̀ tó bá wá ra síìpù á ní, "Ọmọ yìí á ṣe dọ́kítà o." Ìyá mi á ní, "Àṣẹ, àṣẹ."

Ní Sátidé kan, ọ̀rẹ́ mi ní kí n wá sílé àwọn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó ti parí ẹ̀kọ́, fẹ́ mú wa lọ wo yunifásítì tí òun jáde, èyí tó wà nítòsí wa. Mo wọ kẹ̀kẹ́ láti Muṣin, mo sì fi ẹsẹ̀ rin ìyókù ọ̀nà kí aṣọ tí mo lọ̀ má baà rún. Fámásì ní yunifásítì yẹn ni ìyá ọ̀rẹ́ mi ti mú fún un, òun ló wà ní àpò àkọ́kọ́ nínú fáìlì.

Ọgbà náà tutù ju àdúgbò èyíkéyìí tí mo mọ̀ lọ. Atẹ́gùn ń ti orí ọ̀sà wá. Ọmọbìnrin kan sùn sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi, ó fi ìwé ńlá bojú, kò sì sí ẹni tó ń lé e dìde. Mi ò mọ ìdí tó fi jẹ́ òun ni mo wò jù. Mo fẹ́ kí n jẹ́ òun. Ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ mi na ọwọ́ sí ilé alájà mẹ́ta kan, ó ní, "Ibí ni wàá ti máa gba lẹ́kíṣọ̀." Ọ̀rẹ́ mi ló ń bá wí. Kò ní "ibí ni ẹ máa ti máa gbà á." Ọ̀rẹ́ mi mi orí, ó yíjú sí fóònù rẹ̀. N kò tíì rí ẹni tí wọ́n gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún, tí ojú rẹ̀ ṣófo tó bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tí a padà sílé, ìyá rẹ̀ bu ìrẹsì fún wa. Wọ́n jókòó tì mí.

"Ìwọ ńkọ́, ọmọ mi? Kí ni ìwọ fẹ́ kà?"

Kò sí àgbàlagbà tó bi mí ní ìbéèrè yẹn rí kó dúró gbọ́ ìdáhùn. Síbẹ̀, irọ́ ni mo fi dáhùn. "Fámásì, mà."

"Ìyẹn mà dára o! Ọmọ mi á rẹ́ni bá rìn nìyẹn."

Mo gbé ṣíbí sílẹ̀. Ẹni tó máa bá a rìn. Mi ò lè bínú sí wọn, nítorí ẹran méjì ni wọ́n bù fún mi, ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n bù fún ọmọ wọn.

Lẹ́yìn oúnjẹ, ọ̀rẹ́ mi fà mí lọ́wọ́ lọ sí ẹ̀yìn ilé. Dúrọ́ọ̀mù ńlá kan wà níbẹ̀, wọ́n gé orí rẹ̀, wọ́n sì fi àwọ̀n bò ó. Ó ṣí àwọ̀n náà. Ẹja àrọ̀ ló wà nínú rẹ̀, wọ́n tó ogún, wọ́n dúdú, ara wọn ń yọ̀ bọ̀rọ́bọ̀rọ́. Ó ki ọwọ́ bọ omi débi ìgúnpá.

"Wo èyí tó ń léfòó yẹn. Kò jẹun láti àná. Omi ló ń dà á láàmú, mo ní láti pààrọ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí mo bá pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, á kú."

"Ta ló kọ́ ẹ?"

"Èmi náà ni. Mo ń kà á." Ó gbójú sókè. "Èyí ni mo fẹ́ kà. Bí wọ́n ṣe ń sin ẹja, àìsàn tó ń ṣe é, omi tó bá a lára mu. Yunifásítì kan wà tí wọ́n ti ń kọ́ ọ dáadáa. Ó jìnnà sí Èkó. Kò sí nínú fáìlì."

"Ìyá ẹlẹ́ja ni wọ́n máa pè ẹ́," ni mo wí.

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Kí wọ́n máa pè mí."

Mo bá a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni nǹkan ti bà jẹ́ nínú mi. Títí di ọjọ́ yẹn, mo rò pé ìyá rẹ̀ ni mò ń ṣe ìlara, pé bí mo bá ní irú ìyá bẹ́ẹ̀ ó tán. Ní ẹ̀yìn ilé yẹn ni mo tó rí i pé ó tún ní ohun tó tóbi ju ìyẹn lọ. Ó mọ ohun tí ó fẹ́. Èmi dà á kọ fún odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mi ò rí ìlà kan níbẹ̀ tí ọkàn mi bá lọ. Ẹni tó ní méjì ń fẹ́ ju ọ̀kan nù, èmi tí mi ò ní ẹyọ kan ń wò ó.

Ọjọ́ tí a lọ kọ fọ́ọ̀mù ìdánwò ìwọlé, kafé tí a lọ ní Yaba kún fọ́fọ́. A tò láti àárọ̀. Òun ló kọ́kọ́ jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, mo dúró lẹ́yìn rẹ̀. Mo rí i tó tẹ orúkọ yunifásítì tó jìnnà yẹn sí ipò àkọ́kọ́, tó sì mú iṣẹ́ ẹja. Ó yíjú sí mi.

"Jọ̀ọ́, bá mi pa á mọ́. Mọ́mì á mọ̀ tó bá yá, ṣùgbọ́n ẹ̀pa ò ní bóró mọ́ nígbà yẹn."

"Màá pa á mọ́."

"Fi Ọlọ́run búra."

"Wàláhì."

Ó dìde, mo jókòó. Àga náà ṣì gbóná. Mo mú Fámásì, mo mú yunifásítì tó wà nítòsí. Ohun tó bọ́ sílẹ̀ ni mo gbé wọ̀, bí ìgbà tí èèyàn wọ òkìrìkà.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀ ni ilé-ìwé wa pe àwọn òbí fún ìpàdé. Ìyá mi ò lè fi àtẹ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá ọ̀rẹ́ mi wá. Wọ́n rí mi, wọ́n dì mọ́ mi, wọ́n yọ ìwé ìbéèrè àtẹ̀yìnwá kan jáde nínú báàgì.

"Méjì ni mo rà. Tìrẹ nìyí. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ máa wọlé lágbára Ọlọ́run."

Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n na ọwọ́ sí ọrùn ọmọ wọn, wọ́n tún kọ́là rẹ̀ ṣe, wọ́n ní, "Ọmọ yìí ò já mi kulẹ̀ rí láyé." Ọ̀rẹ́ mi wo ilẹ̀. Ó sì lọ pe olùkọ́ kíláàsì wa.

Bí ó ti yí ẹ̀yìn padà, mo gbọ́ ohùn mi.

"Mọ́mì, ẹ má bínú. Nǹkan kan wà tí ó yẹ kí ẹ mọ̀."

Mo lè sọ pé ẹ̀rù ló bà mí, tàbí pé mi ò lè gba ìwé lọ́wọ́ wọn kí n sì máa tàn wọ́n. Ohun tí mo sọ fún ara mi nìyẹn nígbà náà. Irọ́ ni. "Ọmọ yìí ò já mi kulẹ̀ rí" ló gún mi. Mo fẹ́ kí wọ́n ṣe ojú kan tí kì í ṣe ojú yẹn. Mo sọ gbogbo rẹ̀: yunifásítì, iṣẹ́ ẹja, ohun tó sọ fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ dúrọ́ọ̀mù. Mo tilẹ̀ fi kún un pé nítorí pé mo fẹ́ràn rẹ̀ ni mo ṣe ń sọ ọ́.

Ìyá rẹ̀ ò pariwo. Wọ́n pa síìpù báàgì wọn dé. "O ṣeun," ni wọ́n wí.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó mọ̀ pé èmi ni."

Wọ́n wò mí bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí mi. "Mo ti gbọ́."

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ yẹn fi máa parí, wọ́n ti mú un lọ ṣe àtúnṣe sí fọ́ọ̀mù náà. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi ní kíláàsì. "Wọ́n ti yí i padà sí Fámásì. Wọ́n kó ẹja náà fún àwọn aládùúgbò, wọ́n fi se ọbẹ̀ ata."

"Há! Ta ló sọ fún wọn?" Mo wo ojú rẹ̀ ganrangandan bí mo ṣe ń béèrè.

Ó wò mí. "Mi ò mọ̀," ló wí. Ó ṣí ìwé kẹ́mísírì, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn ìbéèrè.

Mo fẹ́ sọ pé ó dùn mí. Kò dùn mí, kì í ṣe nígbà yẹn. Ara tù mí. Ó ti wá dà bí èmi wàyí, ó ń lọ síbi tí kò fẹ́ lọ. Èrò yẹn dùn lẹ́nu mi bí iyọ̀.

Ìdánwò dé, àbájáde sì jáde. Tirẹ̀ pọ̀ débi pé olùkọ́ wa ní kí kíláàsì pàtẹ́wọ́ fún un. Tèmi ò débi tí Fámásì wà rárá, kò tilẹ̀ sún mọ́ ọn. Nígbà tí orúkọ àwọn tó wọlé jáde, orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ìyá rẹ̀ pe ìyá mi lórí fóònù, wọ́n ní ká wá bá àwọn dúpẹ́ ní sọ́ọ̀ṣì. Mo ní orí ń fọ́ mi. Ìyá mi nìkan ló lọ, wọ́n sì padà dé, wọ́n ń ròyìn bí ọmọ ọlọ́mọ ṣe rẹwà nínú aṣọ funfun. Àwòrán ilé ìgbé rẹ̀ tí ó fi ránṣẹ́ sí mi, ibùsùn, bọ́kẹ́ẹ̀tì, kọ́tìnì olódòdó, mo wò ó léraléra títí iná fóònù mi fi tán. Mi ò dá a lóhùn.

Odindi ọdún kan ni mo fi jókòó sílé. Mo ń ta síìpù. Nígbà tí fọ́ọ̀mù tún jáde, bàbá mi pè mí sí ṣọ́ọ̀bù wọn.

"Kí lo fẹ́ mú lọ́tẹ̀ yìí?"

"Fámásì náà ni."

"Ta ló ní kó o lọ ka Fámásì?"

Omi bọ́ lójú mi. Bàbá mi ò bẹ̀ mí, wọ́n kàn ti àga kan sún mọ́ mi. "Mú fóònù rẹ. Ka gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ fún mi, lọ́kọ̀ọ̀kan."

Ọ̀sán méjì ló gbà wá. Màá ka orúkọ iṣẹ́ kan, wọ́n á ní, "Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀?" Bí mi ò bá mọ̀, màá wá a, màá sì túmọ̀ rẹ̀. "Kòkòrò tí ojú ò lè rí ni wọ́n ń kà, Bàbá." "Ṣé o fẹ́ ẹ?" "Rárá." "Ó yá, òmíràn." Oníbàárà kan wá gba àga mọ́tò rẹ̀, ó dúró fún bí wákàtí kan, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í dá sí i.

Lọ́jọ́ kejì a dé orí ètò ìlú.

"Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀?"

"Àwọn ló ń pinnu ibi tí ọ̀nà máa gbà, ibi tí ọjà máa wà, ibi tí gọ́tà máa da omi sí. Ẹ wo àdúgbò wa yìí, gọ́tà iwájú mọ́sálásí ga ju títì lọ. Ṣé omi máa ń gun òkè ni? Ìdí nìyẹn tí omi fi ń wọ ilé wa. Ká ní wọ́n gbé e gba ẹ̀yìn ilé-ìwé ni, tí wọ́n sì jẹ́ kí àwọn mẹkáníìkì ní àyè tiwọn..." Mo ń bá a lọ. Mo fi ṣọ́ọ̀kì yàwòrán sórí pátákó tí wọ́n ń gé awọ lórí rẹ̀. Nígbà tí mo gbójú sókè, bàbá mi ti gbé òòlù sílẹ̀.

"Àwọn tó kù, ńṣe lo kàn kà wọ́n," ni wọ́n wí. "Èyí lo sọ̀rọ̀ lé lórí."

"Kí ló dé tí ẹ ò bi mí báyìí lọ́dún tó kọjá?"

"Mo rò pé o mọ̀ ni. Ojoojúmọ́ lò ń kọ nǹkan sínú ìwé. Mo ní ọmọ mi ti mọ ibi tó ń lọ, kí n má dí i lọ́wọ́."

Mo wọlé lọ́dún yẹn, sí yunifásítì kan tí kì í ṣe ti Èkó. Ètò ìlú ni mo kà, mo sì gbádùn rẹ̀.

Nígbà tí mo wà ní ọdún kejì, mo wálé fún ìsinmi. Mo wá ra ìwé ní Yaba, mo sì rí ọ̀rẹ́ mi níbẹ̀, ó gbé aṣọ funfun àwọn onífámásì kọ́ apá. Ó ti sanra díẹ̀, ó sì yẹ ẹ́. A dì mọ́ra. Ó ní iṣẹ́ náà le ṣùgbọ́n òun ti ń mọ̀ ọ́n, pé òun ló ṣe ipò kejì ní kíláàsì. Mo gbọ́ ọ, owú àtijọ́ sì tún ta mí. Ibi tí kò fẹ́ lọ náà ló tún ti ń ṣe dáadáa yìí. Bóyá ohun tó mú mi sọ̀rọ̀ nìyẹn.

"Èmi ni mo sọ fún mọ́mì yín," ni mo wí.

"Mo mọ̀."

"Látìgbà wo?"

"Ọjọ́ yẹn gan-an. Wọn ò tíì bọ́ bàtà tí wọ́n fi sọ ọ́ fún mi."

"Kí ló dé tí o ò bi mí?"

"Mo ń dúró kó o sọ ọ́. O pẹ́."

"Jọ̀ọ́, má bínú."

"Mi ò bínú mọ́. Mo ti bínú tán, ní ọdún àkọ́kọ́ tí mo wà níbẹ̀." Ó gbé aṣọ funfun náà bọ́ sí apá kejì. "Ṣùgbọ́n mi ò ní sọ ohun tí mo fẹ́ ṣe fún ẹ mọ́ láéláé."

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Bí ẹni ń sọ pé òjò ń bọ̀ ni. Ọmọbìnrin kan tí òun náà gbé aṣọ funfun dání pè é láti òdìkejì títì. Ó na ọwọ́ sí mi, ó ní kí n kí ìyá mi, ó sì sọdá. Mo rí i tó fi orí ti orí ọmọbìnrin náà, tó sọ nǹkan kan sí i létí, tí àwọn méjèèjì sì bú sẹ́rìn-ín. Mi ò mọ ohun tó sọ. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìwé mi, mò ń jowú ọmọ tí mi ò mọ̀ rí láyé.